Etí Ọ̀gá Fátúnlá

Ọ̀gá Fátúnlá mekáníìkì kì í tú ọkọ̀ kó tó mọ ohun tó ń ṣe é. Á fi ẹnu sukudiráfà kan ẹ́ńjìnnì, á fi ìdí rẹ̀ sétí, á sì dárúkọ àìsàn. Nígbà tí Táyélolú, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, lọ kọ́ àtúnṣe ọkọ̀ oníná mànàmáná, ẹ̀rín ló fi sìn ín: "Ọkọ̀ tí kì í sọ̀rọ̀, kí lèèyàn fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ̀?"

Kò pẹ́ tí Ìyá Adùnọlá gbé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta oníná rẹ̀ dé, tí kò lè gun òkè mọ́. Ọ̀gá jókòó sórí rẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó tẹ́tí. Kò gbọ́ nǹkan kan.

"Ó ti kú. Ẹ lọ sin ín."

Bó ṣe fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ó sì lọ́ ọ. Òkú gbéra láìpariwo, ó gbé ọ̀gá kọjá títì, ó dà á sínú ẹrẹ̀ tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ ti ń wẹ̀.

Ìyá Adùnọlá rọra bá a níbẹ̀. "Ọ̀gá, ṣé kí n ṣì lọ sin ín?"

Ọ̀gá nu ẹrẹ̀ ojú, ó pe Táyélolú lórí fóònù.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá gbé ọkọ̀ oníná lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, ẹ óò rí sukudiráfà létí ọ̀tún rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Fóònù ló wà létí òsì, Táyélolú ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àwọn oníbàárà a ní baba mà gbọ́ èdè ẹ̀rọ o. Òun náà á wúkọ́, á ní, "Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè."