Ohun Tó Ń Dún Lára Ọ̀kadà Káfíntà

Àwọn ará Olókùúta a máa pa òwe kan tó ń rú àlejò lójú: "Ohun tí a fi pamọ́ fún mẹkáníìkì, òun ló ń dún." Àlejò á béèrè pé, báwo ni ohun tí kò sí lára ọ̀kadà ṣe lè máa dún lára ọ̀kadà? Ìbéèrè náà tọ̀nà. Ọwọ́ Ọdẹ́wùmí káfíntà ni ìdáhùn rẹ̀ wà.

Ọdẹ́wùmí mọ iṣẹ́, ó sì mọ nǹkan tọ́jú. Ìṣó tó bá wọ́, yóò nà án, yóò tún un lò. Ọ̀kadà rẹ̀ ti lo ọdún mẹ́sàn-án láìní àléébù. Ìgbà tí oyún Mopélọ́lá ìyàwó rẹ̀ wọ oṣù kẹjọ ni ọ̀kadà náà bẹ̀rẹ̀ sí dún. Kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́. Bí ó bá sáré, ariwo náà á le sí i. Bí ó bá dúró, á dákẹ́ bí ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀.

Ẹlòmíràn ì bá fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ọdẹ́wùmí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n bí àkọ́bí wọn sí, ibẹ̀ náà ló sì kú sí, nítorí ọkọ̀ tó ń gbé wọn lọ sílé ìwòsàn takú lórí òkè. Máìlì méje ni ọ̀nà náà, òkè yẹn sì wà níbẹ̀ títí di òní. Láti ọjọ́ tí ọ̀kadà ti ń dún, oorun dá lójú rẹ̀. Á máa fá pákó lọ́wọ́, á ṣàdédé dúró, á máa tẹ́tí.

Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Lámídì mẹkáníìkì. Lámídì gùn ún lọ, ó gùn ún bọ̀.

"Káfíntà, n ò gbọ́ nǹkan kan o."

"Ọ̀gá Lámídì, mo ní ó ń dún!"

"Bóyá etí yín ló ń dún."

Síbẹ̀, ó pààrọ̀ ṣéènì. Ọ̀kadà dákẹ́ títí délé. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́. Ọdẹ́wùmí tún gbé e padà. Wọ́n pààrọ̀ bíárìn. Kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, Lámídì tú ẹ́ńjìnì palẹ̀, ó sì tún un tò. Kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́.

"Ó ń dákẹ́ lọ́dọ̀ rẹ, ó ń dún lọ́dọ̀ mi," ni Ọdẹ́wùmí wí. "Kí lo fi sí i lára?"

Lámídì nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ̀rù ọmọ ló ń bà yín. N ò ní bá yín jà."

Ní ọjọ́ Alámìísì kan, kí ìrì tó gbẹ, omi ìrọbí dà lára Mopélọ́lá. Ọdẹ́wùmí kọ̀ láti gbé e sórí ọ̀kadà. Mọ́tò méjèèjì tó wà nílùú ti lọ sọ́jà. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ lójúde, oòrùn sì ń gòkè.

"Ẹ gbé mi bẹ́ẹ̀ jàre," ni Mopélọ́lá ń wí.

"Ṣé o ò gbọ́ bó ṣe ń dún ni? Ṣé kó tún dá wa sórí òkè?"

Nígbà tí kò rí ọ̀nà mìíràn, ó ránṣẹ́ pe Lámídì. Lámídì sáré dé, ó fò sórí ọ̀kadà níwájú ilé. Kò tíì kọjá ilé méjì tó fi dúró. Òun náà ti gbọ́ ọ. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìjókòó, ó fa ìdì àkísà kan jáde. Sípánà mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀. Àkísà náà ti jẹ, irin sì ti ń lu irin.

"Kí lèyí?"

"Irinṣẹ́ mi ni. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́."

"Nígbà tí ẹ bá ń gbé ọ̀kadà wá sọ́dọ̀ mi ńkọ́?"

Ọdẹ́wùmí wolẹ̀. Mẹkáníìkì kan ti jí sípánà rẹ̀ rí. Láti ìgbà náà, kó tó lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì èyíkéyìí, á kó gbogbo wọn sí yàrá. Bó bá dé, á dá wọn padà sábẹ́ ìjókòó.

"Mo máa ń fi wọ́n sílé," ló sọ.

"Ẹ rò pé màá jí wọn." Lámídì kò pariwo. "Oṣù kan gbáko ni mo fi ń wá ohun tí ẹ fi pamọ́ fún mi. Ó yá, ẹ gbé ìyàwó yín."

Ọ̀kadà gun òkè láìdún. Ìdákẹ́ náà tún ba Ọdẹ́wùmí lẹ́rù, nítorí igbe ìyàwó rẹ̀ nìkan ló kù tó ń gbọ́, igbe náà sì ń rẹlẹ̀.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí wọ́n dé. Nọ́ọ̀sì àgbà béèrè pé, "Ìgbà wo ni omi dà?"

Ojú ti Ọdẹ́wùmí. "Kò tíì pẹ́, mà. Bíi wákàtí kan."

Nọ́ọ̀sì fọkàn balẹ̀, ó fa ìwé láti kọ orúkọ. Mopélọ́lá na ọwọ́ látorí bẹ́ẹ̀dì, ó di ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ mú.

"Ohun tí a fi pamọ́ fún mẹkáníìkì, òun ló ń dún! Ẹ sọ fún wọn!"

"Mẹkáníìkì kẹ̀?" ni nọ́ọ̀sì wí.

"Àárọ̀ ni, mà," ni Ọdẹ́wùmí sọ. "Kí ìrì tó gbẹ. Èmi ni mo dá a dúró."

Gègé bọ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ó ké sí dókítà, wọ́n sì ti bẹ́ẹ̀dì náà wọlé eré-eré. Ọdẹ́wùmí dúró síta, ó fi etí mọ́ ilẹ̀kùn. Kò gbọ́ nǹkan. Ó ṣe, kò gbọ́ nǹkan. Lẹ́yìn náà ni ọmọ kan ké, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó tún ké, ó le sí i.

Nọ́ọ̀sì jáde, òógùn bò ó. "Ìyá àti ọmọ yè. Ká ní wákàtí kan tí ẹ sọ yẹn ni mo bá lọ ni, ọ̀rọ̀ mìíràn ni à bá máa sọ báyìí. Mẹkáníìkì wo ni ìyàwó yín ń pè?"

Ọdẹ́wùmí rò ó fún un látòkèdélẹ̀, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, aláìsàn tó bá mu àgbo wá sílé ìwòsàn náà, tó ní òun ò mu nǹkan kan, gbólóhùn Mopélọ́lá yìí ni nọ́ọ̀sì fi ń dá a lóhùn. Ibẹ̀ ló ti tàn kálẹ̀. Ẹni tó bá wá ìmọ̀ràn lọ sọ́dọ̀ àgbà, tó ro ẹjọ́ tó sì gbé apá kan rẹ̀ sílẹ̀ nílé, àgbà á ní: "Ọmọ mi, ohun tí a fi pamọ́ fún mẹkáníìkì, òun ló ń dún."