Ọdẹ Tó Gbin Tẹ̀tẹ̀ fún Ọmọ Rẹ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Mi ò gbọ́. Àbí ẹ kò tíì jẹun ni? Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀hẹ́n. Àlọ́ mi já wàì, ó gba ẹ̀yìn ilé kọjá, ó lọ bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé ọdẹ kan tí wọ́n ń pè ní Ọdẹ́jìmí. Ìwọ Mojírọ́lá, yéé fi ìgúnpá gún àbúrò rẹ, gbọ́ àlọ́.

Ọdẹ́jìmí yìí, ọdẹ gidi ni. Tó bá wọ igbó, kì í bọ̀ lásán. Ìgalà ni, ẹtu ni, òkété ni, gbogbo rẹ̀ ló ń gbẹ lórí ààrò rẹ̀, tí ọ̀rá ń kán tó, tó, tó sínú iná. Àwọn ará àdúgbò á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á gbé itọ́ mì.

Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọdẹ́jìmí bí, kò lè jẹ ẹran. Láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú ni ẹran kì í ti í dúró níkùn rẹ̀. Bó bá ti jẹ ẹ́ báyìí, gọ̀ọ̀, ó ti bì í. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wà láyé, ìyá ló gbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, òun ló ń se ọbẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìyá wá kú. Igbó bo ọgbà. Ẹran nìkan ni Ọdẹ́jìmí sì mọ̀ ọ́n sè. Ni Àwẹ̀ró bá ń fi iyọ̀ àti omi ata jẹ iṣu. Ó rù, ó rù, egungun èjìká rẹ̀ yọ gọngọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni o, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé e, ẹ óò rò pé ọmọ ọdún mẹ́ta lẹ gbé.

Ẹ̀rù wá ń ba Ọdẹ́jìmí. Ó ti sin ìyàwó, kò fẹ́ sin ọmọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fi ìbọn kọ́ ara ògiri, ó mú ọkọ́.

"Àwẹ̀ró mi, ẹ̀fọ́ ni màá gbìn fún ọ."

"Ẹ mọ̀ ọ́n gbìn, Bàbá?"

"Kí ló wà níbẹ̀!"

Hà! Kí ló wà níbẹ̀, ó ní. Ó ṣán igbó, ó kọ ebè, kìtì, kìtì, ebè tó ga dé orúnkún. Ó gbẹ́ ihò jíjìn sórí ebè kọ̀ọ̀kan. Ó mú hóró tẹ̀tẹ̀, hóró tẹ̀tẹ̀ tí kò tóbi ju ojú eèrà lọ, ó dà á sí ìsàlẹ̀ ihò, ó wa yẹ̀pẹ̀ bò ó, ó fi ẹsẹ̀ kì í mọ́lẹ̀, gbì! Ọjọ́ karùn-ún pé, kò sí nǹkan. Ọjọ́ kẹwàá pé, ebè ń wò ó, òun náà ń wo ebè.

Ìyá Adétóún, arúgbó tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwọn, yọjú lórí ògiri.

"Ọdẹ́jìmí, iṣu lo gbìn ni?"

"Tẹ̀tẹ̀ ni, ìyá wa."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "O gbìn ín àbí o sin ín? Tú ebè yẹn ká, jàre, kí ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Po hóró rẹ̀ mọ́ eérú, kí o máa fọ́n ọn bí ẹni ń fọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀. Kí ọwọ́ rẹ rọ̀ o! Kì í ṣe ẹfọ̀n lò ń bá jà."

Ọdẹ́jìmí ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin, Àwẹ̀ró figbe ta, "Bàbá! Ẹ wá wò ó! Ó ti hù!" Lóòótọ́, ewé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ti bo ilẹ̀. Bàbá dojúbolẹ̀, ọmọ dojúbolẹ̀, àwọn méjèèjì ń wo tẹ̀tẹ̀. Inú wọn dùn débi pé wọ́n gbàgbé oúnjẹ àárọ̀.

Nígbà tí tẹ̀tẹ̀ tó já, Àwẹ̀ró já a, ó lọ fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ilé. Ọdẹ́jìmí dá iná. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. "Ewé lásán? Ṣé ewé ló máa dá ẹran padà sára ọmọ mi? Màá gún ẹran gbígbẹ díẹ̀ sí i. Tó bá kúnná, kò ní mọ̀." Ó mú ẹran ìgalà, ó gún un lúbúlúbú, ó dà á sísàlẹ̀ ìkòkò. Ìfẹ́ ló sún un ṣe é o, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Ó wá pe ọmọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọrin. Ẹ̀yin ni Àwẹ̀ró, ẹ máa gbè é:

Mo bu epo sí ìkòkò,
*Tẹ̀tẹ̀ wẹ́rẹ́!*
Mo da irú sí ìkòkò,
*Tẹ̀tẹ̀ wẹ́rẹ́!*
Ẹran ò sí ní ìkòkò,
*Tẹ̀tẹ̀ wẹ́rẹ́!*
Àwẹ̀ró mi, wá jẹun,
*Tẹ̀tẹ̀ wẹ́rẹ́!*

Àwẹ̀ró gbè é, ó ń pàtẹ́wọ́. Ó jẹ òkèlè kan, ó jẹ méjì, ó jẹ mẹ́rin. Kó tó mú ìkarùn-ún, gọ̀ọ̀! Gọ̀ọ̀! Gbogbo rẹ̀ ló bì sílẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tó lajú, ó wo bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kọrin pé ẹran ò sí níbẹ̀."

Ọdẹ́jìmí fi aṣọ tútù nu iwájú orí rẹ̀.

"Mo sì gbè é fún yín."

Láti ọjọ́ náà, Àwẹ̀ró kò jẹ ohunkóhun láti ọwọ́ bàbá rẹ̀ mọ́. Iṣu, ó ní òun yó. Ẹ̀kọ, ó ní òun yó. Bí bàbá bá bu omi fún un, á kọ́kọ́ wo inú igbá. Ìyá Adétóún gbé ẹ̀kọ wá, díẹ̀ ló tọ́ wò. Ìyá fa Ọdẹ́jìmí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Kì í ṣe oúnjẹ ni ọmọ yìí ń sá fún mọ́, ìwọ ni." Ọdẹ́jìmí lọ jókòó sáàárín tẹ̀tẹ̀, ó sunkún. Àánú rẹ̀ ṣe mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó purọ́.

Nígbà tó nu ojú, ó kó gbogbo ẹran orí ààrò rẹ̀ fún Ìyá Adétóún. Ó ra ìkòkò tuntun, nítorí òórùn ẹran ti wọ ti àtijọ́ lára. Ó gbé ààrò jáde sínú ọgbà, níbi tí oòrùn ti ń ràn, ó gúnyán, ó tẹ́ ẹní, ó gbé Àwẹ̀ró lé e. Ó wá kúnlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ ti rí bàbá tó kúnlẹ̀ fún ọmọ rí?

"Àwẹ̀ró, mo purọ́ fún ọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé o máa kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ ni mo pa. Má bínú sí mi."

Ọdẹ́jìmí gbé ìkòkò kaná, ó bẹ̀rẹ̀ orin:

Mo bu epo sí ìkòkò...

Ẹ dákẹ́! Ẹ má gbè é. Òun náà kò gbè é.

Mo da irú sí ìkòkò...

Ó ń wo ìkòkò.

Ẹran ò sí ní ìkòkò...

Àwẹ̀ró dìde. Ó gba ṣíbí onígi lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó ro ọbẹ̀ náà dé ìsàlẹ̀, ó ha ìdí ìkòkò, ó bù ú sókè, ó gbóòórùn rẹ̀. Epo, ata, irú, ẹ̀gúsí, tẹ̀tẹ̀. Ó tún un rò. Ohùn rẹ̀ wá jáde, ohùn tín-ín-rín:

*Tẹ̀tẹ̀ wẹ́rẹ́.*

Ẹ̀yin náà, ó yá, ẹ gbè é báyìí!

Àwẹ̀ró mi, wá jẹun,
*Tẹ̀tẹ̀ wẹ́rẹ́!*

Wọ́n bu oúnjẹ. Àwẹ̀ró já iyán, ó fi run ẹ̀fọ́, ó nà án sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu. "Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ́."

Ọdẹ́jìmí jẹ ẹ́. Ọmọ ń wo ọ̀fun rẹ̀ títí ó fi gbé e mì. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó lé e lẹ́sẹ̀, ó fẹ̀yìn tì í láyà, ó ya ẹnu.

"Ó kàn mí, Bàbá."

Ibẹ̀ ni mo ti bá wọn tí wọ́n ń jẹun, tí mo fi wọ́n sílẹ̀ wá sílé. Àlọ́ mi parí síbẹ̀. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ró. Bí n kò bá purọ́, kó ró lẹ́ẹ̀mẹta: Pó! Pó! Pó!

Ohun tó kọ́ wa ni pé kí a má fi irọ́ tọ́jú ẹni tí a fẹ́ràn, bó ti wù kí ẹ̀rù bà wá tó. Ohun tí ara ọmọnìkejì yín kò bá gbà, ẹ má fi ọgbọ́n kì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ gbin èyí tó lè jẹ, kí ẹ sì sè é lójú rẹ̀.