Ọmọ Tí Wọ́n Fi Àdúrà Sọ Di Dókítà

Obìnrin kan wà ní ìlú Àgbóòyè tí ń ta abọ́ àti ìkòkò. Mónísọ́lá ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí fún ọkọ rẹ̀ kí ọkọ náà tó kú, ọmọ yìí ni wọ́n ń pè ní Ìbídùnní. Ikú tó pa bàbá Ìbídùnní kì í ṣe ikú àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́. Inú ló bẹ̀rẹ̀ sí í run ún láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n gbé e dé ọsibítù ìlú, dókítà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ti rìnrìn àjò. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n dúró dè é. Wọ́n dúró. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ọkùnrin náà ti di ẹni ilẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, tí ẹbí pé jọ láti ṣàdúrà fún olóògbé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde. Alàájì Onípákó ni gbogbo ìlú ń pè é nítorí pákó tó ń là tó sì ń tà. Ó fa Ìbídùnní lọ́wọ́ dé àárín èrò. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọmọ náà nígbà yẹn.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ni Alàájì wí, "àìsí dókítà ló pa àbúrò mi. Ọmọ rẹ̀ yìí ni yóò jẹ́ dókítà. Irú ikú báyìí kò ní wọ ilé wa mọ́. Ẹ bá mi ṣe àmín."

Gbogbo wọn ṣe àmín. Áfáà gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, ó sọ ọ́ di àdúrà, ó wí i lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ṣe àmín lẹ́ẹ̀mẹta. Ìbídùnní náà ṣe é. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ wá nìyẹn. Ní Àgbóòyè, ohun tí ènìyàn bá ti ṣe àmín sí kì í ṣe ohun tó tún ń padà lọ jiyàn sí. Ẹni tó bá kọ àdúrà, wọ́n á ní èpè ló ń wá kiri.

Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti pe ọmọ náà ní Ìbídùnní mọ́. Ọmọ tó gé ara rẹ̀ lọ́bẹ á sáré tọ̀ ọ́ wá, àgbàlagbà tí ẹ̀yìn ń dùn á ní, "Dókítà, wá fọwọ́ kàn án, ọwọ́ rẹ lè ti ń ṣiṣẹ́." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ náà á rẹ́rìn-ín, ó tilẹ̀ ń dùn mọ́ ọn nínú. Ìbídùnní á wo egbò náà fìrí, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ohun tí orí ọmọ yìí gbé wá yàtọ̀ pátápátá. Ìtàn ni. Kò tíì pé ọdún mẹ́tàlá tó ti mọ ibi tí agbo ilé kọ̀ọ̀kan ti ṣí wá sí Àgbóòyè, ó mọ ẹni tó kọ́kọ́ dáko síbẹ̀, ó mọ ìjà tó fa odi tó wà láàárín agbo ilé méjì tí àwọn ọmọ ibẹ̀ fúnra wọn kò mọ ìdí rẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà, ìyá Alàájì, ló ti ń gbọ́ wọn. Bí màmá náà bá gbàgbé orúkọ kan, Ìbídùnní ni í rán an létí. Ṣùgbọ́n bó bá kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, bí ẹni tí wọ́n ní kó fi agbọ̀n gbé omi ló rí. Yóò pọn ọ́n, yóò gbé e, kò ní bá nǹkan kan délé.

Nílé ẹ̀kọ́ wọn, gbogbo ọmọ kíláàsì kẹrin ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ní sáà kìn-ín-ní. Tí sáà kejì bá wọlé, wọ́n á pín fọ́ọ̀mù kí oníkálukú lè mú ọ̀nà kan: sáyẹ́ǹsì, áàtì tàbí kọ́máàsì. Èyí tí ọmọ bá mú níbẹ̀ ni yóò bá a dé ìdánwò àṣejáde, kò sí àyípadà. Ọjọ́ tí wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù padà, Tíṣà Ògúnṣakin tó ń kọ́ wọn ní ìtàn pe Ìbídùnní sẹ́yìn kíláàsì.

"Kí ló dé tí tìrẹ ṣófo?"

"Mo fẹ́ mú un lọ sílé ná, sà."

"Ṣé ilé ló máa jókòó ṣe ìdánwò ni?"

Ọmọ náà ká fọ́ọ̀mù náà mọ́wọ́.

"Gbọ́ mi," ni tíṣà wí. "Nínú ìtàn, kò sí ẹni tó sún mọ́ ọ ní kíláàsì yìí. Nínú físíìsì, máàkì mọ́kànlá lo gbà nínú ọgọ́rùn-ún, mo sì rò pé àánú ló fún ọ ní mẹ́ta níbẹ̀. Tí o bá kọ sáyẹ́ǹsì síbí, ẹsẹ̀ ara rẹ lo fi ń rìn lọ sínú kànga. Ṣùgbọ́n èmi ò lè bá ọ kọ ọ́, mi ò sì lè bá ọ sọ ọ́ nílé yín. Mo fún ọ di ọjọ́ Ajé."

Ìbídùnní bá ìyá rẹ̀ ní ìsọ̀ níbi tó ti ń nu eruku ara abọ́.

"Màámi, tíṣà ní kí n mú áàtì."

"Tíṣà wo? Èyí tó ti ń wọ bàtà kan ṣoṣo láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n?"

"Ó ní mi ò lè ṣe sáyẹ́ǹsì."

Mónísọ́lá nu abọ́ méjì sí i kó tó dáhùn. "Ìwọ ńkọ́? Kí lo fẹ́?"

"Ìtàn ni mo fẹ́ kà."

"Kí ni wọ́n ń fi ìtàn ṣe? Wọ́n ti gbé aláìsàn lọ bá onítàn rí?" Ó gbé abọ́ kalẹ̀, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi. Èmi náà mọ̀ pé ìwé yẹn ń lé ọ. Ṣùgbọ́n opó ni mí. Ilé Alàájì ni mò ń gbé. Bí èmi bá la ẹnu, wọ́n á ní èmi ni mi ò fẹ́ kí ọmọ olóògbé gòkè. Ìwọ ni wọ́n bí síbẹ̀. Tí Alàájì bá bi ọ́, sọ."

Alàájì sì bi í. Kò sí ẹni tó lè purọ́ mọ́ ọn níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí. Nígbà tí Ìbídùnní mú fọ́ọ̀mù lọ bá a níbi tí wọ́n ti ń la pákó, ariwo ẹ̀rọ kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn. Ó ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Gbogbo òṣìṣẹ́ dúró, wọ́n ń wò wọ́n. Alàájì gba fọ́ọ̀mù náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Níbo ni ti dókítà wà nínú èyí?"

"Sáyẹ́ǹsì ni, sà."

"Ó dáa. Àbí nǹkan mìíràn wà lọ́kàn rẹ? Bó bá wà, sọ ọ́ o. Èmi kì í jẹ ọmọ."

Ìbídùnní fẹ́ sọ ọ́. Ó gbójú sókè, ó rí i pé ojú Alàájì àti ojú bàbá òun bá ara wọn mu, àfi bí ẹni pé olóògbé ló ń bi í ní ìbéèrè. Ó rántí gbogbo àmín ọjọ́ kẹjọ. Ó kúnlẹ̀ lórí ìyẹ̀fun pákó.

"Ẹ ṣé, sà," ló wí.

Alàájì súre fún un. Ó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Wọ́n tan ẹ̀rọ padà.

Kí ni n óò máa sọ nípa àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e? Ọmọ náà ò ṣọ̀lẹ. Ó ka ìwé títí ojú rẹ̀ fi jìn sínú. Ó há kẹ́místírì sórí bí ẹni há orin, ṣùgbọ́n ìdánwò kì í béèrè orin. Nígbà tí èsì jáde, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ti yege. Ìyá rẹ̀ ní ọ̀tá ni. Alàájì ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe, àbájáde rẹ̀ kò dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Lọ́dún yẹn, Sàdíátù tí wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, tó mú áàtì, ti wà ní ọdún kẹta níbi tó ti ń kọ́ iṣẹ́ lọ́yà. Bí Ìbídùnní bá ń kọjá lọ, àwọn aláṣà á ní, "Dókítà wa, ìgbà wo lẹ máa yẹ̀ wá wò? Ó ti pẹ́ tí ara wa ti ń gbóná dè yín." Ọmọ náà fi ọ̀nà ńlá sílẹ̀, ó ń gba ẹ̀yìnkùlé. Lọ́jọ́ kan ìyá rẹ̀ gbé abọ́ lé oníbàárà lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ má pe ọmọ mi ní dókítà mọ́, ẹ jọ̀wọ́." Tẹkúntẹkún ló fi sọ ọ́.

Ọjọ́ Iléyá ọdún tí Ìbídùnní di ẹni ọdún mọ́kànlélógún, ẹbí kún pálọ̀ Alàájì. Lẹ́yìn tí wọ́n kírun dé, Alàájì gbẹ́nu lé ọ̀rọ̀ Ìbídùnní. Ó ní wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ kó rẹ ọmọ, kó tún ìdánwò náà ṣe lẹ́ẹ̀kẹrin, ó ní òun máa gba tíṣà sáyẹ́ǹsì wá fún un láti ìlú ńlá. Àmín ti ń dúró lẹ́nu àwọn ènìyàn.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé oúnjẹ dé. Wọ́n gbé ẹ̀wà ka iwájú Rọ́fíà, àbíkẹ́yìn Alàájì, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọmọbìnrin náà wo àwo, ó ti í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mi ò jẹ."

"Kí ló dé tó ò jẹ?" ni ìyá rẹ̀ wí.

"Mi ò fẹ́ ẹ̀wà. Iyán ni mo fẹ́."

Alàájì tí ẹnikẹ́ni kì í já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbé e kúrò níwájú ìyá mi kékeré yìí. Ẹ bá a wá iyán."

Wọ́n gbé ẹ̀wà lọ, wọ́n gbé iyán dé. Kò sí ẹni tó na ọmọ náà. Kò sí ẹni tó ní aláìmoore ni. Gbogbo rẹ̀ kò gba àkókò tí ènìyàn fi ń fọ ọwọ́. Ìbídùnní ń wò ó. Ó gbé ẹran ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Bàbá," ló wí, "mi ò fẹ́ ṣe dókítà."

Alàájì yíjú sí i.

"Láti ìgbà wo?" ni Alàájì bi í.

"Láti ọjọ́ kẹjọ bàbá mi."

"Ọdún mẹ́wàá nìyẹn." Ohùn Alàájì kò ga. "Mo ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ lọ́jọ́ tí o mú fọ́ọ̀mù wá, kí n lè gbọ́ ohun tí o máa sọ. Mo bi ọ́. Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ ṣé, sà."

"Ṣé 'ẹ ṣé' ni wọ́n ń pè ní 'mi ò fẹ́' níbi tí wọ́n ti bí ọ?"

Mónísọ́lá fi ìborùn bojú. "Èmi náà mọ̀, Alàájì," ló wí. "Mo mọ̀, mo sì panu mọ́."

Alàájì wo ìyá, ó wo ọmọ. Ó dà bí ẹni tí pákó já lù lẹ́yìn. Ó ní, "Ó dáa. Kó padà lọ ka ohun tó fẹ́. Kí ni wọ́n ń pè é?"

"Ìtàn ni, sà," ni Ìbídùnní wí. "Ṣùgbọ́n Tíṣà Ògúnṣakin ti fẹ̀yìn tì, wọn ò rí ẹni fi rọ́pò rẹ̀. Wọn kì í kọ́ ìtàn níbẹ̀ mọ́. Kíláàsì kẹrin kì í sì í gba ọmọ ọdún mọ́kànlélógún."

Ìyá Àgbà ni ọ̀rọ̀ bọ́ sí lẹ́nu. Ó wo Rọ́fíà tó ń jẹ iyán rẹ̀ láìwo ẹnikẹ́ni, ó wá kọjú sí Ìbídùnní. Kò fi ọwọ́ kàn án, kò sì ṣìpẹ̀ fún un.

"Ọmọ ọdún mẹ́rin kọ ẹ̀wà, ó rí iyán jẹ. Ìwọ gbé ohun tí o kò fẹ́ mì fún ọdún mẹ́wàá, ebi ṣì ń pa ọ́. Ìyá rẹ kò lè bá ọ kọ̀ ọ́. Tíṣà kò lè bá ọ kọ̀ ọ́. Ẹni tó gbé e fún ọ kò lè mọ̀ bí o kò bá sọ."

Ìbídùnní wà ní ìsọ̀ ìyá rẹ̀ títí dòní, abọ́ ló ń tà. Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Àgbà fi parí tirẹ̀ lọ́jọ́ Iléyá yẹn jáde ní pálọ̀ náà, ó wọ ìlú, ó sì di ohun tí àwọn àgbà ń wí fún ọmọ tó bá kúnlẹ̀ dákẹ́ níwájú ohun tí kò fẹ́, pé: ẹnu ẹni la fi ń kọ "mi ò jẹ".