Fìlà Mẹ́ta Lẹ́nu Ihò Òkété

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi dá gbìràgbìrà, ó dá lórí Òkété, fìlà mẹ́ta àti àgbàdo Ehoro. Ẹni tó bá ń tòògbé kó dìde jókòó. Orin wà níbẹ̀, n ò sì ní dá a kọ.

Láyé ọjọ́un, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ méjì ló wà nílùú àwọn ẹranko. Ẹni tó bá kórè a kó irúgbìn pamọ́ sí àká ẹgbẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ bá tán a lọ yá níbẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́, Ẹgà àti Ìgbín ló ń ṣọ́ àká Òkè. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bá pé, ilẹ̀kùn ò ní ṣí. Ìgbín sì rèé, ẹ mọ bó ṣe ń rìn. Ni wọ́n bá ń pe ẹgbẹ́ yẹn ní Ẹgbẹ́ Ẹ-Dúró-De-Ìgbín.

Àká Ìsàlẹ̀, ti Òkété ni, inú ihò rẹ̀ ló wà. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, òun á wá alága, òun á wá akọ̀wé, òun á wá akápò. Wọ́n ní ó ṣeun. Gbogbo ẹranko ya lọ síbẹ̀ gìrìgìrì. Ehoro, opó ọlọ́mọ wẹẹrẹ, kó gbogbo irúgbìn àgbàdo rẹ̀ síbẹ̀. Kò ku hóró kan sílé.

Òjò àkọ́rọ̀ dé. Ehoro lọ gba irúgbìn. Fìlà abetí-ajá yọ lẹ́nu ihò, Ehoro ò rí ojú ẹni tó dé e. Ohùn kan ní, “Àwa alága ti gbọ́. Ó kù sọ́wọ́ akọ̀wé. Wọn ò sí nílé.”

Ó padà lọ. Fìlà gọ̀bì ló yọ. Ó ní àwọn akọ̀wé ti kọ ọ́, ó kù sọ́wọ́ akápò. Wọ́n lọ sóko.

Ó tún padà lọ. Fìlà òribí ló yọ. Ó ní àwọn akápò ti ṣe tán, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ alága. Wọ́n ń bọ̀. Ehoro jókòó sẹ́nu ihò, ó bú sẹ́kún, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Òkété o, kó àgbàdo mi wá,
*Wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń bọ̀.*
Òjò ń lọ, ilẹ̀ ń gbẹ,
*Wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń bọ̀.*
Kí lọmọ mi ó jẹ lọ́dún yìí?
*Wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń bọ̀.*

Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ gbọ́ orin, wọ́n wá ń gbè é. Àfi bí Ehoro ṣe dá orin dúró lójijì. Ó ti ń fi “wọ́n” bọ̀wọ̀ fún àgbà láti ọjọ́ yìí wá, kò ka iye wọn rí.

Ó ní, “Ẹ forí jì mí o. Wọ́n mélòó? Kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde pọ̀, kí n kí wọn.”

Inú ihò dún gbìrì, gbìrì. Abetí-ajá yọ. Gọ̀bì wà lábẹ́ rẹ̀. Òribí wà lábẹ́ gọ̀bì. Òkété wà lábẹ́ òribí, èérún àgbàdo wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ó kí wọn, ó ní wọ́n kú àbọ̀.

Wọ́n wọ àká, ṣùkù àgbàdo lásán ni wọ́n bá. Kí wọ́n tó jáde, Òkété ti gba ẹ̀yìn ihò sá lọ. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í jáde lójú ọ̀sán títí dòní.

Ehoro gun Òkè lọ yá irúgbìn. Ọ̀kẹ́rẹ́ kí i, Ẹgà kí i, wọ́n jọ jókòó de Ìgbín. Wọ́n dúró, dúró, dúró. Ìgbín dé, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ilẹ̀kùn ṣí. Òjò tó kù ni Ehoro fi gbin àgbàdo. Nígbà tó ń bọ̀ láti Òkè, ó pàdé gbogbo ará Ìsàlẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n ń lọ dúró de Ìgbín, kò sì sẹ́ni tó ṣépè fún ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àlọ́ yìí kọ́ wa pé ọ̀wọ̀ dára, ẹ máa pe àgbà ní “wọ́n”. Ṣùgbọ́n bí ohun ìní yín bá wà lọ́wọ́ “wọ́n”, ẹ kà wọ́n.

Bí mo bá parọ́, kí fìlà mi já bọ́. Ẹ wò ó, kò já bọ́. Ọ̀kan ṣoṣo sì ni.