Òwú Inú Àkéte Ìkókó

Ẹrẹ̀ rọ̀, kò ṣeé dúró lé. Ilẹ̀ le, òun ló ń gba gbogbo wa. Àwọn awo méjì tó ń jẹ́ orúkọ yìí ni wọ́n dífá fún Àwẹ̀ró, aya Ọnàjídé gbẹ́nàgbẹ́nà, lọ́jọ́ tí oyún inú rẹ̀ pé oṣù mẹ́jọ, tí kò sì mọ ibi tí yóò tẹ́ ọmọ sí bó bá bí i tán.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo rí àwọn tó ń fọwọ́ bo ẹnu lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Ẹ ní ṣé ibi tí ọmọ yóò sùn náà ni wọ́n ń dífá sí? Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Àkọ́bí Àwẹ̀ró kò lò ju ọjọ́ mọ́kàndínlógún lọ láyé. Àárín òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ọmọ náà sí lórí ẹní. Àárẹ̀ ìkúnlẹ̀ mú kí ìyá sun oorun àsùnwọra, iṣẹ́ igi gbígbẹ́ mú kí bàbá sùn bẹ́ẹ̀ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ wà lábẹ́ apá bàbá rẹ̀, ó ti tutù. Wọn kò bá ara wọn jà. Wọn kò sọ pé ìwọ ni, èmi ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, Ọnàjídé kò na apá ọ̀tún rẹ̀ lórí ẹní mọ́. Abẹ́ orí ara rẹ̀ ló máa ń ki í bọ̀ kó tó sùn.

Nígbà tí oyún kejì dúró, ó wọ igbó, ó gé igi ìrè. Ó gbẹ́ àkéte kékeré kan tó ní ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì gbẹ́ ẹyẹ mẹ́rin sétí rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹní ìyá ọmọ ni yóò máa wà, kí ọmọ lè sún mọ́ ọmú, kí ẹnikẹ́ni má sì sùn lé e. Ọgbọ́n gidi ni. Ìyá Ọnàjídé náà kò gbẹ́yìn. Ìyá Arànwú ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sẹ́ni tó mọ òwú ran tó o. Ó kó òwú tó fi odindi ẹ̀ẹ̀rùn ṣa hóró kúrò lára rẹ̀ wá, ó kó o kún àkéte náà fọ́fọ́.

"Ọmọ ọmọ mi kò ní í sun orí líle," ni màmá wí. "Bí ọmọ ọba ni yóò máa sùn."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ títí. Nígbà tó ku òun nìkan, ó fi ọwọ́ tẹ òwú náà wò. Ọwọ́ rẹ̀ rì dé ìgbọ̀nwọ́. Ta ni yóò sọ fún ìyá ọkọ pé ẹ̀bùn yín ń bà mí lẹ́rù? Ló bá gba ilé awo lọ.

Ó ní: "Ọmọ tí mo fẹ́ bí yìí, ṣé inú àkéte náà ni yóò yè sí, àbí kí n tún gbé e sáàárín wa? Ẹ bá mi wò ó dáadáa. Èmi Àwẹ̀ró kò ní í sin ọmọ méjì."

Àwọn awo ní àkéte náà dára, ẹ̀gbẹ́ ìyá ló sì tọ́ kó wà. Wọ́n ní ọmọ yóò yè, ṣùgbọ́n kí wọ́n rúbọ. Adìyẹ méjì, epo, àti oyin. Kí bàbá ọmọ gé àwọn ẹyẹ tó gbẹ́ sétí àkéte, kó fi kún un. Kí ìyá bàbá ọmọ kó gbogbo òwú inú rẹ̀, fọ́nrán kan kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lọ fún Èṣù ní oríta. Ẹní lásán ni kó wà nísàlẹ̀. Kí wọ́n máa tẹ́ ọmọ fẹ̀yìn lélẹ̀.

Ọnàjídé kò jiyàn. Ó mú àáké kékeré, ó gé ẹyẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó fi ọjọ́ mẹ́sàn-án gbẹ́, ó fi iyanrìn dán ojú ibi tó ti gé wọn. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó dun òun jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Arànwú ńkọ́? Háà! Ó di ariwo.

"Òwú tèmi? Kí n gbé e lọ sí oríta kí ajá máa sùn lé e? Ìyàwó, kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?"

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí, Ìyá."

"Ọmọ mẹ́fà ni mo bí. Ta ló dífá ẹní fún mi?"

Bí wọ́n ṣe rú adìyẹ nìyẹn, wọ́n rú epo, wọ́n rú oyin, wọ́n rú ẹyẹ onígi. Òwú kò lọ. Ìyá Arànwú kó o padà sí yàrá rẹ̀, ó ní tí ọmọ bá dé, àwọn awo náà yóò wá wo bó ṣe ń sùn. Ẹ̀yin èèyàn mi, a kì í rú ẹbọ kù. Èyí tó bá kù, inú ilé ló ń gbé.

Àwẹ̀ró bí obìnrin. Wọ́n sọ ọ́ ní Dúrósinmí. Orí ẹní lásán inú àkéte ló ń sùn, ó ń sùn dáadáa, inú ìyá rẹ̀ sì ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejìlá, Àwẹ̀ró lọ wẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ìyá Arànwú wọlé, ó rí i lórí líle, àánú ọmọ ṣe é. Àánú ni o, kì í ṣe ìkà. Ó sáré kó òwú wá, ó kó o sínú àkéte, ó da ọmọ dojú bolẹ̀ sórí rẹ̀, pé bóyá inú ló ń run ún. Ẹkún dá. Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bọ́ síta.

Àwẹ̀ró gbọ́ bí ẹkún náà ṣe dá. Kò rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó kàn já ni. Ó sáré wọlé tòun ti ọṣẹ lára. Ojú ọmọ ti rì, etí kan ṣoṣo ló hàn. Ó fà á yọ. Ètè ọmọ ti dúdú. Ó fi ìka yọ fọ́nrán òwú lẹ́nu rẹ̀, ó ń gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́pẹ́, ó ń pè é: "Dúrósinmí! Dúrósinmí o!" Ọmọ wúkọ́, ó sì figbe ta.

Ìyá Arànwú ti dé ẹnu ọ̀nà. "Ó ti sùn jẹ́jẹ́ rẹ̀, ìwọ lo jí i!"

Àwẹ̀ró kò pariwo. Ó gbé ọmọ mọ́yà, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀ bó ti yẹ kí ìyàwó ṣe.

"Ìyá, mo bẹ̀ yín, ẹ fi ojú yín sínú òwú yẹn. Ibi tí ojú ọmọ mi wà gan-an ni kẹ́ ẹ fi í sí. Kẹ́ ẹ máa mí. Mi ò ní í dìde lórí eékún mi títí ẹ ó fi ṣe é."

"Kí ni mo gbọ́ yìí?"

"Ẹ fi ojú síbẹ̀, Ìyá."

Màmá pòṣé. Ó wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀, ó rí i pé obìnrin yìí kò ní í dìde lóòótọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ojú sínú òwú. Ó mí lẹ́ẹ̀kan. Ó mí lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta kò wọlé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí àkéte mú, ó ti ara rẹ̀ sókè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, òwú lẹ̀ mọ́ ìpéǹpéjú àti imú rẹ̀. Ó wo ọwọ́ tó fi ti ara rẹ̀. Ó wo ọwọ́ ọmọ. Ó bú sẹ́kún.

"Kò lè ti ara rẹ̀ sókè," ló ń wí. "Yéè! Àwẹ̀ró, kò lè ti ara rẹ̀ sókè!"

Ọ̀sán gangan náà ló ru òwú lọ sí oríta, tòun ti omijé, lójú gbogbo ayé. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á rù. Nígbà tó délé, ó gbá ilẹ̀ yàrá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bóyá fọ́nrán kan ṣẹ́kù.

Ọmọ náà yè. Ó rìn, ó sọ̀rọ̀, ó di abiyamọ. Àwẹ̀ró ń yin àwọn awo rẹ̀, àwọn awo ń yin Ifá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi, ohun tó rọrùn fún wa láti yọ̀ǹda kọ́ ni Ifá sábà máa ń bèèrè. Ẹ̀yin tí wọ́n bá gbà nímọ̀ràn, ẹ gbà. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ rúbọ, ẹ rú u, kẹ́ ẹ sì rú u tán.