Òkété Oníṣègùn àti Àpótí Ìjókòó

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Ẹ jẹ́ n gbọ́ ọ kí n mọ̀ pé ojú yín dá. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó gba ẹ̀yìn ààrò kọjá, ó já sílé Òkété oníṣègùn.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí èèyàn àti ẹranko jọ ń gbé àdúgbò kan náà, Òkété ni oníṣègùn wọn. Ta ni ìbá tún mọ gbòǹgbò igi tó ẹni tó ń gbé inú ilẹ̀? Oògùn rẹ̀ ń jẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìkánjú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Kì í jókòó. Ẹnu ọ̀nà ni yóò ti na ahá àgbo sí aláìsàn, á ní, "Gbé e mu. Mò ń lọ." Kí aláìsàn tó la ẹnu, ìrù Òkété ti dé ìta.

Obìnrin kan wà, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni ibà dá a dùbúlẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná, wàrà ò dà, ọmọ ń sunkún ṣáá. Ọkọ rẹ̀, Akínlàbí, sáré lọ pe Òkété.

Òkété dé, ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. "Gbé e mu. Mò ń lọ."

"Ẹ ṣé, Baba," ni Àwẹ̀ró wí.

Ibà ò lọ. Òkété po òmíràn tó le ju ti àkọ́kọ́. "Gbé e mu. Mò ń lọ."

"Ẹ ṣé, Baba."

Ibà ò lọ.

Ìyá Àgbà, ṣé kò mu ún ni?

Mákindé, ẹnu ta ni àlọ́ wà? Jẹ́ n sọ ọ́ débẹ̀.

Ọkàn Òkété ò balẹ̀ mọ́. Ó ń ro ọmọ jòjòló yẹn. Bí ìyá rẹ̀ bá kú, ta ni yóò pọ̀n ọ́n? Ẹ̀rù bà á gan-an, àmọ́ ìbínú ló fi ń bò ó. "Obìnrin yìí á ti máa jẹ ìjẹkújẹ," ló ń sọ fún ara rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó tún gbé àgbo dé. Bó ṣe fẹ́ sọ pé "Mò ń lọ," òjò ṣàdédé dà. Omi gba gbogbo ojú ọ̀nà. Kò sí ibi tí Òkété lè lọ. Ó fa àpótí kan sún mọ́ ẹní Àwẹ̀ró, ó jókòó.

Ọmọ ké. Òkété gbé e lé ẹsẹ̀. Ọmọ fa irun imú rẹ̀, ó sì dákẹ́. Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò rín látìgbà tó ti dùbúlẹ̀.

Òkété náà rẹ́rìn-ín. Ó yọ ìgbín yíyan nínú àpò. "Ìyàwó mi ló dì í fún mi. Jẹ díẹ̀, kí o lè lágbára."

Àwẹ̀ró fà sẹ́yìn. "Baba, ẹ jọ̀ọ́, èèwọ̀ ìdílé bàbá mi ni. Omi rẹ̀ pàápàá, a ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án."

Ọwọ́ Òkété dúró lójú kan. Omi ìgbín ló fi ń po gbogbo àgbo yẹn. "Èyí tí mò ń gbé wá ńkọ́?"

Àwẹ̀ró dorí kodò. "Mo gbóòórùn rẹ̀, Baba. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ni mò ń dà á sí. Ẹ má bínú."

Háà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń mu àgbo!

Ẹ rọra rẹ́rìn-ín, kí ẹ má jí àwọn tó ti sùn.

Òkété ní, "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Baba, àgbà ni yín, n ò lè dá yín dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ò jókòó rí."

Ojú ti Òkété. Ó wá ìbínú rẹ̀ títí, kò rí i mọ́. "Èmi ni mi ò bi ọ́," ló wí. "Ó dáa, mo ti jókòó. Kí ló tún ń dùn ọ́?"

Ìgbà yẹn ni Àwẹ̀ró tó sọ ọ́. Ọmú rẹ̀ kan ló wú, ó le, ó ń ta á bí iná. Ojú ló ń tì í láti wí.

"Ibẹ̀ gan-an ni ibà ti ń wá," ni Òkété wí. Ó ní kí Akínlàbí gbé omi kaná, ó kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fi aṣọ rírẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé ibẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ po àgbo tuntun, omi lásán ló fi pò ó. Àwẹ̀ró mu ún tán lójú rẹ̀. Òjò ti dá tipẹ́, Òkété ò tiẹ̀ mọ̀.

Kó tó di àárọ̀, òógùn bo Àwẹ̀ró, ara rẹ̀ tutù. Wàrà dà. Ọmọ mu àmuyó, ó sùn lọ. Òkété mí kanlẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá fẹ́ wo aláìsàn sàn, kó jókòó tì í, kó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ẹ̀yin náà, bí ibì kan bá ń dùn yín, ẹ má tijú, ẹ sọ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ilé aláìsàn tí Òkété bá wọ̀, ohun tó kọ́kọ́ ń béèrè ni, "Àpótí dà?"

Àlọ́ mi ti délé, òun náà ti jókòó. Bí mo bá purọ́ fún yín, kí eyín tó ṣẹ́kù lẹ́nu mi yìí má lè fọ́ ẹ̀pà lọ́la.

Á fọ́ ọ, Ìyá Àgbà!