Bí Màlúù Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Sí í Jẹ Àpọ̀jẹ

Àlọ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi!

Àlọ̀!

Ó jẹun tán, ó dùbúlẹ̀. Kò sí oúnjẹ níwájú rẹ̀, síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ ò dúró. Kí ló ń jẹ?

Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ní gúgúrú ni, kó panu mọ́, mo ti gbọ́. Ẹ jókòó dáadáa. Àlọ́ mi gba ẹ̀yìn odò wá, ó la pápá kọjá, ó lọ bà lé Màlúù lórí, ó bà lé Àwẹ̀ró ọmọ rẹ̀, kò sì yọ Ìjàpá ọkọ Yánníbo sílẹ̀.

Nígbà náà, Màlúù kì í jẹ àpọ̀jẹ. Bó bá ti gbé koríko mì, ó parí nìyẹn. Òun ni àgbà nínú agbo, ọmọ kan ṣoṣo ló sì kù fún un, Àwẹ̀ró, tí ìrù rẹ̀ kò tíì gùn tó èyí tó lè lé eṣinṣin.

Pápá wọn dára, àbùkù kan ló ní. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, ìdí pòròpórò ọkà bàbà tí wọ́n ti gé á tún hù, ọ̀mùnú rẹ̀ á tutù yọ̀yọ̀. Oró wà nínú ọ̀mùnú yẹn. Àwọn baba ńlá wọn mọ̀, wọ́n sì fi àṣà lélẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n gé e, kí wọ́n sá a sórí àpáta fún ọjọ́ mẹ́ta kí oòrùn lè fa oró náà. Kí wọ́n fi ewé ẹ̀wà gbígbẹ sínú ikùn ná, kó má jẹ́ pé ebi ló gbé wọn débẹ̀. Lẹ́yìn náà, àgbà agbo ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, yóò sì dùbúlẹ̀ títí òjìji igi yóò fi yẹ̀. Bó bá dìde ní àlàáfíà, àwọn ọmọ á jẹ.

Ìjàpá ni wọ́n fi ṣọ́ àká ewé ẹ̀wà. Màlúù fúnra rẹ̀ ló dúró fún un, torí Yánníbo wá sunkún pé ọkọ òun ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ta ní í fi ọ̀bọ ṣọ́ oko àgbàdo? Ẹ̀wà díẹ̀díẹ̀ máa ń kù nínú èèpo tó wà lára ewé yẹn, Ìjàpá sì rí i. Lọ́jọ́ kìíní ó ní èyí tó já bọ́ sílẹ̀ lòun ó ṣà. Lọ́jọ́ kejì ó ní bí òun bá gbọn àká díẹ̀, ṣebí yóò já bọ́ náà ni. Kí ẹ̀rùn tó tán, ó ti tú gbogbo ewé náà ká níbi tó ti ń wá ẹ̀wà, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì ti kó o lọ.

Òjò rọ̀. Ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu agbo pa. Àwẹ̀ró ń sunkún mọ́ ìyá rẹ̀ nídìí, ọmú sì ti gbẹ. Màlúù ránṣẹ́ sí Ìjàpá pé kó kó ewé ẹ̀wà wá. Ìjàpá fà tìkọ̀tìkọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, àfi bí ẹni pé ó ga ju ilẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀.

“Ìyá Àwẹ̀ró,” ó ní, “òjò ọdún yìí ti fọ gbogbo oró náà lọ, ewé ẹ̀wà ò pọn dandan mọ́, kò sì sí ìdí láti sá a sóòrùn. Mo ti bá yín tọ́ ọ̀mùnú náà wò láàárọ̀. Ẹ wò mí, ṣé mo kú ni?”

Màlúù wojú rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé kó rìn dé àká, ibẹ̀ ò ju ibi tí òkò lè bá lọ. Àmọ́ ojú ń tì í. Òun ló dúró fún Ìjàpá níjọ́sí, báwo lòun ó ṣe wá máa yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò lójú gbogbo agbo? Ọmọ tún ń ké. Ó ní ó dáa, ẹni tó tọ́ ọ wò ti tọ́ ọ wò. Ó jẹ́ kí Àwẹ̀ró ṣíwájú.

Ọmọ náà jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Kò pẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń mí gúlegúle. Ó wo ìyá rẹ̀, ó ṣubú. Ìyá lá a lójú, ó lá a létí, ó kì í, kò dáhùn. Ìyókù agbo ò tíì fẹnu kan ọ̀mùnú náà, ohun tó kó wọn yọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀. Ibí yìí máa ń dùn mí.

Màlúù wá rìn dé àká. Èèpo ẹ̀wà lásán ló bá níbẹ̀. Ó padà, ó ní kí Ìjàpá bọ́ sáàárín agbo, kó tọ́ ọ̀mùnú wò bó ṣe tọ́ ọ láàárọ̀. Ìjàpá ní eyín ń dun òun. Wọ́n ní ìgbà wo ló hu eyín. Ó ní òun ń gbààwẹ̀. Wọ́n ní ṣebí ó jẹun láàárọ̀. Nígbà tí kò ríbi yẹ̀ sí, ó já ẹyọ kan, ó gbé e mì. Kíá, inú rẹ̀ wú, ó kún ìkarahun dẹ́nu, ọrùn yọ síta, kò ṣeé fà wọlé mọ́. Ó yanu, ó bì. Ẹ̀wà ló ń jáde, ẹ̀wà funfun, ẹ̀wà pupa, ẹ̀wà tí kò tíì dà rárá, títí ó fi di òkìtì lójú gbogbo wọn. Àwọn ọmọ màlúù kan fẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n rántí Àwẹ̀ró, wọ́n dákẹ́.

“Ohun tó gbà ọ́ sílẹ̀ nìyí,” Màlúù wí. “Inú tìrẹ kún. Inú ọmọ mi ṣófo.”

Ìjàpá ní kí ó dárí ji òun. Agbo lé e kúrò ní pápá, ó sì ń wọ́ ọrùn nílẹ̀ lọ.

Màlúù lọ dùbúlẹ̀ síbi tí Àwẹ̀ró máa ń sùn. Ó ń wí nínú ara rẹ̀ pé: Ká ní mo rìn dé àká. Ká ní mo kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ó rántí bí ẹ̀wà ṣe jáde lẹ́nu Ìjàpá, pé ohun tí a ti gbé mì ṣì lè padà wá jẹ́rìí. Ló bá pọ koríko inú rẹ̀ padà sẹ́nu, ó rún un, ó fi ahọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún gbé e mì.

Ìdí nìyẹn tí màlúù fi ń jẹ àpọ̀jẹ títí di òní. Ìdí náà nìyẹn tí darandaran tó gbọ́n kì í fi da ẹran tí ebi ń pa sínú èéhù ọkà bàbà. Bí ẹ bá rí màlúù tó dùbúlẹ̀ lábẹ́ igi, tí ẹnu rẹ̀ ń lọ, ẹ má sọ ọ́ lókò. Ohun tó yẹ kó yẹ̀ wò kí ọmọ rẹ̀ tó jẹ ẹ́ ló ń yẹ̀ wò.

Ibi tí àlọ́ mi wọ̀ sí nìyí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí itọ́ gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.